Ọtí Kì Í Wú, Híhó Ni Í Hó

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì láti èdè Faransé sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lò tó ìṣẹ́jú méjì lórí rẹ̀. Levure ni. Ẹnì kan ní ìwúkàrà ni à ń pè é, gbogbo wa sì mọ ọ̀rọ̀ náà láti inú Bíbélì. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó na ọwọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ọmọ Sakété tún ti dé. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fún mi láyè kí n sọ ìdí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé náà yóò gba ìdí ìkòkò ọtí kọjá. (Mo kọ Sakété àti Pobè bí pátákó ojú ọ̀nà ti kọ wọ́n. Ìjà orí àkọtọ́ di ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ì- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, wú ni ọ̀rọ̀-ìṣe, àkàrà ni ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìpajẹ mú fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ àkàrà lọ, ìwúkàrà sì jáde, ìyẹn ohun tó ń mú àkàrà wú. Àkàrà yìí kì í ṣe èyí tí a fi ẹ̀wà dín láàárọ̀. Búrẹ́dì ni, àkàrà òyìnbó bí àwọn àgbà ti ń pè é. Ọ̀rọ̀ Faransé náà kò yàtọ̀ sí i: levure wá láti ara lever, kí nǹkan gbéra sókè. Ilé búrẹ́dì ni a ti sọ àwọn méjèèjì lórúkọ.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọ́n dúró síbòmíràn kí wọ́n tó sọ nǹkan yìí lórúkọ. Fermentation tí à ń kọ nínú ìwé wa, fermentum àwọn ará Róòmù ni ó ti wá, fermentum sì bá fervere tan, èyí tó túmọ̀ sí kí nǹkan hó. Yeast tí àwọn aládùúgbò wa ní Nàìjíríà ń gbọ́ ní ilé ìwé, gbòǹgbò rẹ̀ àtijọ́ jẹ mọ́ híhó àti ìfóòfó. Ìkòkò ọtí ni àwọn wọ̀nyí ń wò. Yorùbá náà sì ti wò ó kí búrẹ́dì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ lọ bá apọntí kankan ní Sakété, kí ẹ bi í bóyá ọtí rẹ̀ ti wú. Yóò wò yín bí ẹni tó béèrè bóyá òkúta ti sùn. Ọtí kì í wú. Híhó ni í hó, lẹ́yìn náà ni yóò kan, lẹ́yìn náà ni yóò le.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń pọn ọtí ọkà ní Sakété. Ní ilé wa, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni ti àgbàdo, ọtí bàbà ni ti ọkà bàbà. Ní ọjà, gbogbo rẹ̀ ti di chakpalo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é káàkiri gúúsù Benin. Pobè àti Sakété kì í sì í ṣe ìlú ọtí ọkà nìkan. Ọ̀pẹ ló kún ilẹ̀ yìí, débi pé láti ọdún 1922 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Nítorí náà ẹmu àti sódàbì ni àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá. Ọtí ọkà jẹ́ ti àwọn obìnrin, owó rẹ̀ ni wọ́n fi rán ìyá mi lọ sí ilé ìwé.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú. Àwọn ọmọ wọn obìnrin méjèèjì wà ní Cotonou nídìí òwò mìíràn, kò sì sí èyí tó fẹ́ máa jí ní aago mẹ́rin òru nítorí ìkòkò. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìsinmi oṣù kẹjọ, wọ́n sọ fún mi pé ìrántí Bàbá Àgbà tí a óò ṣe ní Pobè ní ìparí ọdún ni ìgbà tí àwọn yóò pọn ọtí kẹ́yìn. Bàbá Àgbà kì í mu chakpalo. Ọtí dúdú inú ìgò ni wọ́n fẹ́ràn, stout, ìgò kan ní alẹ́ ọjọ́ ọjà. Ìyá Àgbà kò fẹ́ kí wọ́n fi ọtí tí a rà bọ ilẹ̀ fún ọkọ wọn.

"A ó pọn dúdú fún wọn," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni ojú mi."

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Pobè rò pé àwàdà ni. Ó ní stout jẹ́ ti òyìnbó, ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, a kò sì ní báálì. Òótọ́ ni pé àwọn ará Ireland ni wọ́n sọ ọtí yìí di olókìkí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ní ọdún 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ sí Ikeja. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n pọn ọtí tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, kí wọ́n sì da omi dúdú kíki tó ti Ireland wá mọ́ ọn. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì wọlé ní ọdún 1988, àwọn ilé ìpọntí ibẹ̀ yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Àwọn tó mu stout Nàìjíríà lẹ́yìn ìgbà náà ti mu ọkà bàbà láìmọ̀. Dúdú inú ọtí náà kò sì ní àdììtú kankan: ọkà tí a yan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di èédú ni. Ẹni tó bá ti yan àgbàdo gbàgbé lórí iná mọ òórùn rẹ̀.

Ọkà bàbà ni a rà. A rẹ ẹ́ mọ́jú, a tẹ́ ẹ sórí ewé nínú òjìji, à ń wọ́n omi sí i ní àárọ̀ àti alẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti hù, a sì sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú. Ìyá Àgbà ní kí n fi ọwọ́ ra á títí gbogbo èéhù yóò fi já kúrò, kí n fẹ́ ẹ dànù, kí n má sì fún ewúrẹ́ jẹ. Wọ́n kò sọ ìdí rẹ̀ ju pé "kò dára fún inú." Èéhù ọkà bàbà tútù ní ohun kan nínú tó ń di cyanure, májèlé gidi. Gbígbẹ, gbígbo àti sísè sì ni ó ń mú un kúrò. Mi ò mọ iye ọdún tí àwọn obìnrin ti mọ̀ pé kò dára fún inú kí ẹnikẹ́ni tó kọ cyanure sínú ìwé.

Kìlógíráàmù 8 ni a gbé lọ sí ẹ̀rọ, pé kí wọ́n má lọ̀ ọ́ kúná jù. Èyí tó kù, mo yan án nínú agbada lórí iná tí kò pọ̀, mò ń rò ó láìdúró, títí ó fi dúdú tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi kọfí. Ọkà tí a yan báyìí kò lè ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ ju kí ó fún ọtí ní àwọ̀ àti adùn kíkorò lọ, nítorí iná ti pa agbára tó wà nínú híhù rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án fi tó.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni pípo. Ìwé Faransé kan tí mo ti kà nípa ṣíṣe bíà nílé sọ pé kí á po ọkà mọ́ omi gbígbóná ní ìwọ̀n 65 sí 68, kí á fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Báálì gbà bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì inú ọkà bàbà kì í fẹ́ já àfi tí omi bá gbóná tó 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni àwọn enzyme tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ di ṣúgà ti ń kú. Bí o bá dáàbò bo ọ̀kan, èkejì kò ní ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà kò ka ìwé náà. Wọ́n ní kí n po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi tútù, kí n jẹ́ kó sílẹ̀, kí n rọra bu omi tó tòrò lórí rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn. "Omi yẹn kò gbọdọ̀ rí iná." Èyí tó ki nísàlẹ̀ ni a sè títí ó fi di ẹ̀kọ, tí a sì dúró kó rọlẹ̀. Nígbà tí ìka wọn lè wà nínú rẹ̀ títí wọ́n fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n ní kí n da omi òkè padà sí i. Mo ti thermomètre bọ inú rẹ̀: 64. Àwọn enzyme wà láàyè nínú omi òkè, sítáàṣì sì ti já nínú ẹ̀kọ. Láàárín wákàtí díẹ̀ ẹ̀kọ náà ti ṣàn bí omi, ó sì dùn bí oyin. Irú ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún dolo ní Burkina Faso àti fún tchapalo ní Côte d'Ivoire.

A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó kan díẹ̀. Kíkan àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe ti levure. Àwọn bakitéríà ló ń ṣe é, irú àwọn tó ń mú ògì kan. Ó yẹ kí á dá wọn dúró kí wọ́n tó ba ọtí jẹ́, sísè sì ni ìdádúró wọn. A sẹ́ ẹ, a sè é fún wákàtí mẹ́rin títí ó fi ku lítà 20. Ọkà yíyan ni a ti rẹ lọ́tọ̀ sínú omi gbígbóná, a sẹ́ ẹ, a sì da omi dúdú rẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ikeja. A kò ní houblon tí àwọn òyìnbó fi ń mú bíà korò. Ìyá Àgbà mú orógbó, wọ́n gé e wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tún rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti dán orógbó àti ewúro wò dípò houblon.

Ọtí ti ṣetán láti hó báyìí, àwọn ọ̀rọ̀ tí mo wá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Lẹ́yìn tó tutù, Ìyá Àgbà mú ìgò kékeré kan wá láti abẹ́ ìkòkò omi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tí wọ́n pọn kẹ́yìn ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè yóò sọ fún yín pé ìdọ̀tí tó sílẹ̀ sísàlẹ̀ nǹkan olómi ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ohun tí a ń dà nù. Lẹ́nu wọn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni í jẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà nísàlẹ̀ igbá ẹni tó ń mu. Bí wọ́n bá ti bù ú sínú ìgò fún ọtí mìíràn, orúkọ rẹ̀ yí padà: ó di ìyá ọtí. Nǹkan kan náà ni, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi rán an ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn olùwádìí wa ní Abomey-Calavi ti yẹ irú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, èyí tí àwọn tó ń pọn tchoukoutou ń pè ní kpètè-kpètè. Levure Saccharomyces cerevisiae ló pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn bakitéríà tó ń mú nǹkan kan. Ẹ kíyè sí i pé àpètúnpè ni kpètè-kpètè, àpètúnpè ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà. Mi ò sọ pé wọ́n jẹ́ ìbátan o.

Mo gbé ìyá ọtí náà àti ọtí tútù inú bídọ̀ méjì wọ takisí lọ sí Pobè, nítorí ibẹ̀ ni ayẹyẹ yóò ti wáyé, Ìyá Àgbà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo dẹ ìdérí ìgò náà díẹ̀ kó lè mí. Awakọ̀ bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá ejò wà nínú ẹrù wa.

A da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ ńlá ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi, a fi aṣọ bò ó. Ní alẹ́, Ìyá Àgbà fi etí ti ìkòkò. "Ó ti ń jí," ni wọ́n wí. Ohun tí mo gbọ́ kò ju pọ́, pọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀ wọ́n ní ó ń hó kútúkútú, pé ó dára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì wọ́n tún fetí sí i, ojú wọn sì yí padà.

"Kùtùkùtù ni báyìí. Ẹ bá mi wá aṣọ tútù, kíá!"

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kíláàsì fonọ́lọ́jì. A kọ́ wa pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ń yàwòrán ìtumọ̀, ohùn òkè sábà máa ń bá nǹkan kékeré lọ, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa bá nǹkan ńlá lọ. Róbótó ni ti ohun kékeré, ròbòtò ni ti ohun ńlá. Àpẹẹrẹ yìí ni gbogbo wa máa ń kọ nínú ìdánwò. Mi ò rò pé mo lè rí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́. Kútúkútú ni ti ìfóòfó wẹ́wẹ́ tó ń gòkè jẹ́jẹ́, kùtùkùtù sì ni ti èyí tó ńlá tó ń ru bí ọbẹ̀ orí iná. Ìyàtọ̀ ohùn nìkan ló wà láàárín wọn. Mo ti thermomètre bọ ọtí náà: 34. Levure tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọtí tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ máa ń mú ooru tirẹ̀ jáde lé ti ojú ọjọ́ lórí. Bó bá ti kọjá 30 lọ jìnnà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ohun mìíràn tó ń ta ni lẹ́nu tó sì ń fọ́ ni lórí ní ọjọ́ kejì. Bí ọtí bá ṣe le tó ni ewu yìí ṣe pọ̀ tó, nítorí náà stout fẹ́ ìṣọ́ ju chakpalo lọ.

A fi aṣọ tí a rẹ sínú omi wé ìkòkò náà yíká, a gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ọyẹ́ ti dé, afẹ́fẹ́ gbẹ, omi inú aṣọ sì ń gbẹ lọ pẹ̀lú ooru. Ní gbogbo wákàtí méjì ni a ń tún un rẹ.

Ìyá Àgbà bi mí léèrè ní ìrọ̀lẹ́ pé, "Kí ni ẹ̀rọ rẹ wí?"

Mo ní, "29, Ìyá Àgbà."

Wọ́n fetí sí i. "Kútúkútú," ni wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n sì lọ sùn.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi hó. Lẹ́yìn kútúkútú ni ṣììì, bí òjò wínníwínní lórí páànù, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mo ya densimètre lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka kẹ́mísírì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1,068 ni ó kà, nígbà tó dákẹ́ 1,016 ni. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ọtí líle inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kò jìnnà sí 7,5 tí Guinness Foreign Extra fi ń yangàn. Aládùúgbò kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí á da sódàbì sí i kó lè le kíá. Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Èmi náà gbà pé ọtí tí a da líle sí yàtọ̀ sí èyí tó le fúnra rẹ̀, ahọ́n sì mọ̀ wọ́n.

Ó ṣẹ́ ku títọ́jú. Chakpalo kì í ju ọjọ́ mélòó kan lọ, nítorí àwọn bakitéríà inú ìyá ọtí kì í sinmi, kíkan a sì borí. Tiwa ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Líle rẹ̀ àti òtútù ọyẹ́ ràn wá lọ́wọ́, a sì rọ ọ́ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní kété tó dákẹ́. Ìgò ike ni a rọ ọ́ sí pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n le bí bọ́ọ̀lù, a kó wọn sínú omi tútù. Ìgò gíláàsì ì bá dára lójú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó bú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ ìrántí, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi tó dàgbà jù ni ó da ti ilẹ̀. Ó tọ́ èyí tó kù wò, ó wo inú ife, ó bèèrè iye tí a ra páálí kan. Ìyá Àgbà ní ó le, ó dúdú, ṣùgbọ́n kò kan tó. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Kíkan tí wọ́n ń wá náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan fún ohun méjì, oró ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ahọ́n àti títa ọtí nínú ọ̀fun, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ mémòórè lé e lórí.

Wọ́n ní àwọn ti pọn ti ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n wọ́n pín ìyá ọtí náà sí ìgò méjì kí a tó kúrò ní Pobè, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kan fún mi. Nínú fìríìjì tí àwa mẹ́rin jọ ń lò ní yàrá wa ni tèmi wà, wọ́n sì ti fẹ́ dà á nù lẹ́ẹ̀kan.

Nínú àkójọ wa, ìwúkàrà ṣì wà níwájú levure, mo sì fara mọ́ ọn fún búrẹ́dì. Lábẹ́ rẹ̀ a ti kọ ìyá ọtí, pẹ̀lú àlàyé pé Sakété ni a ti gbọ́ ọ, láti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo. Fún fermentation ti ọtí, híhó ni a kọ. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín ń pọn ọtí ní Kétou, ní Savè, ní Ifangni tàbí ní ìhà Nàìjíríà, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ohun inú ìgò kékeré náà, àti ìró tí wọ́n ń gbọ́ ní ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ sì fún akọ̀wé wa kí àkójọ náà tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.